Àtẹ̀gùn Ló Ń Ṣàìsàn

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo,

Mo kí ọ kú ojúmọ́, bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ ti rọ̀ kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ rẹ, mo kí ọ kú ìrọ̀lẹ́, èyí tó bá bá ọ lára mu nínú méjèèjì ni kí o mú. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa, ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí o já sí kànga nígbà tí o ṣì ń rá kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ láàárín èrò tí kò mọ bàbá rẹ. Orí rẹ kò ní í gbàgbé ọ̀nà ilé. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ẹ̀yìn mi tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ta epo sí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, àti ewúrẹ́ ìyá rẹ tó bí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tó sì jẹ kàlẹ́ńdà ara ògiri láti oṣù karùn-ún dé ìparí, tó fi jẹ́ pé a kò mọ ọjọ́ tí a wà dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ déètì sókè ìwé yìí.

Ìwé tí mo kọ sí ọ kẹ́yìn, jọ̀ọ́, má fi sínú. Nígbà tí o ní o ti fi ẹ̀kọ́ ìṣirò owó sílẹ̀, pé o ti lọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa obìnrin, àti nípa àwọn tí ara wọn kò pé, àti nípa akọ àti abo, ńṣe ni orí mi fò lọ. Mo ní ogún ọdún ni ọmọ yìí fi ṣe obìnrin nínú ilé mi lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló wá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ́ ọ ní ohun tí a bí mọ́ ọn? Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ pé n kò ní í san owó iléèwé kankan mọ́ àfi tí o bá padà sídìí ìṣirò. Ìbínú ni mo fi kọ ọ́, bírò ya ìwé náà níbi méjì, o ó ti rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni o fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ. N kò ní í purọ́ fún ọ, ohùn yẹn dùn mí dé ọkàn. Ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ tí o ní ẹ káàárọ̀ sà, mo ní káàárọ̀ ọmọ mi, o kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí ọ tán tí o ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní dúró ná, o kò dúró. Mo ní ṣé èmi lò ń sọ̀rọ̀ lé lórí báyìí, o ní kí n fara balẹ̀ kí n gbọ́ ọ. Ẹnu yà mí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ṣé o rí nǹkan, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ rèé, kí ọmọbìnrin máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá rẹ ní ohùn tí o ti gbà sílẹ̀ láti àná ni, pé o kò lè gbọ́ mi. Mo ní ẹni tí kò lè gbọ́ mi, báwo ló ṣe mọ̀ pé n kò fara balẹ̀? Ìyá rẹ gba fóònù rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Ìwé ńlá tí o tún fi ránṣẹ́, èyí tó to gbogbo kọ́ọ̀sì yín kalẹ̀ kí n lè fi ojú ara mi rí i, òun náà dé. Òyìnbó inú rẹ̀ le bí igi ìrókò. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ tó kàwé jù mí lọ, nítorí òun ló máa ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì wọn kí wọ́n tó yọ ọ́ níléèwé pé kó wá fẹ́ mi, inú mi sì dùn púpọ̀ nígbà náà, mo rántí pé mo ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ń kà á sí mi létí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kà, mo ń fá pákó. Ó dé ibì kan, ó padà sẹ́yìn tún un kà, ó ní ìwé yẹn ń béèrè pé ta ló ń ka iṣẹ́ ilé sí iṣẹ́. Mo ní ìbéèrè yẹn rọrùn, ìdánwò yín kò ní í le. Ó ní wọ́n tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti obìnrin kan nínú ilé rẹ̀, kó kọ gbogbo ohun tí obìnrin náà bá ṣe láti àárọ̀ sílẹ̀. Nítorí pé o kò sí nílé, mo ní n ó bá ọ ṣe é, kí máàkì rẹ má bàa dínkù.

Mo mú ìwé, mo gbé àpótí, mo jókòó. Kò ì tí ì pẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí ojú ewé kìíní fi kún. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó dáná, ó gbé tèmi fún mi, ó fọ aṣọ, ó lẹ ìdí ṣòkòtò mi tó ya, ó fún ewúrẹ́ lóúnjẹ, ó gbé ọṣẹ rẹ̀ lọ tà, mo tẹ̀ lé e, ó dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín orí, ọwọ́ ń ro mí, ojú ń ṣú mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti pa mí. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó bu omi fún mi, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé yìí, ojú ewé mẹ́ta ààbọ̀. Bí tíṣà yín bá ní kò pé, sọ fún un pé ọwọ́ bàbá rẹ ló kú, iṣẹ́ kò tíì tán.

Abala kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìbálòpọ̀. Bí a ṣe débẹ̀ ni mo ní kí ìyá rẹ ṣí i kọjá, ojú ń tì mí, àṣé ó ti kà á tán láti àárọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tí mo rò, pé wọ́n ń kọ́ nípa oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà fẹ́ràn ara wọn, àti bí àwọn mìíràn ṣe ń gbé tiwọn pamọ́ nítorí ẹnu ayé. Mo ní kò sí irú rẹ̀ ní àdúgbò tiwa, ibi tí gbogbo èèyàn ti mọ gbogbo èèyàn. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ń tún ilẹ̀kùn àwọn ayàwòrán méjèèjì ṣe, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ni ilé fọ́tò, èyí gíga àti èyí kúkúrú, o mọ̀ wọ́n. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn kí owó ilé má bàa pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní ẹ̀yin àgbà ọkùnrin, èmi wà láyé kí ẹ máa fún ara yín pọ̀ báyìí, n ó kan bẹ́ẹ̀dì kejì fún yín, n kò ní í gba owó iṣẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Èyí gíga dúpẹ́ títí, ó ní Ọlọ́run á bù kún mi, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé pákó ti wà nílẹ̀, àwọn ìbá fẹ́ kí n fi kan pẹpẹ ìwé. Mo kàn án, ó dára lójú. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní bàbá ọmọ mi, ọkàn yín mọ́. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo torí ẹ̀ mú bírò, Màmá Oníbàtà yín. O mọ̀ pé láti ọmọ ọdún méjì tí àìsàn ti kọ lù wọ́n ni wọn kò ti fi ẹsẹ̀ rìn mọ́, síbẹ̀ àwọn ló ń rán bàtà tí gbogbo ìlú fi ń rìn, owó bàtà yẹn náà ni wọ́n fi rán mi lọ sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀bù kéde pé gbogbo ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀wọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bàtà wọn wà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá buwọ́ lùwé kí oṣù tó parí, ẹni tí kò bá wá, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, kò sì sí ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ìgbà tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn, ìwọ kò sí nílé. Ọkùnrin méjì ló gbé wọn gòkè bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì, ìró wọn tú lójú èrò, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ró ìró wọn padà. Wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n délé, wọ́n wá sọ fún mi pé àfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé àwọn lọ sin, ọmọ ènìyàn kan kò ní í gbé àwọn mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, akọ̀wé ọ́fíìsì náà ránṣẹ́ pé kò le, kí wọ́n ní kí ọkọ wọn wá buwọ́ lù ú, bí wọn kò bá ní ọkọ, kí ọkùnrin ilé wá. Inú mi dùn pé ọjọ́ dé tí n ó san oore. Mo fá irùngbọ̀n, mo wọ aṣọ tó dáa, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé. Wọn kò gbé ojú kúrò lára bàtà tí wọ́n ń rán. Wọ́n ní ta ló ni ṣọ́ọ̀bù? Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní bí o bá buwọ́ lù ú, orúkọ ta ló máa wà nínú ìwé wọn? Mo fọwọ́ pa àgbọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Wọ́n ní kí n lọ bọ́ aṣọ mi kó má bàa dọ̀tí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù nígbà yẹn, n kò sì lè sùn, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tí mò ń wí yìí, bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni.

Ìdí tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mo bi ọ́ pé nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ara wọn kò pé lo wá ń kọ́, oògùn wo ni wọ́n kọ́ yín fún ẹsẹ̀? O ní bàbá mi, ẹsẹ̀ Màmá Oníbàtà kọ́ ló ń ṣàìsàn, àtẹ̀gùn ni. Káàdì sì tán, fóònù kú.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Mo ní ọmọ tó wà ní yunifásítì kò lè máa sọ ìsọkúsọ lórí owó káàdì. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń ṣàìsàn, kò sí ohun tí mo lè ṣe, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn, iṣẹ́ mi ni. Mo mú teépù àti òòlù, mo fi pẹ́ńsù há etí, mo kọjá sí ọ́fíìsì. Mo fi òòlù kan àwọn àtẹ̀gùn náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé etí lé wọn. Sìmẹ́ńtì gidi ni. Kò sán, kò mì, kò ṣe pọ́kí. Mo ní ọmọ yìí ti tàn mí. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n lè wo abẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe jókòó tí mo gbé ojú sókè, mo rí i pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yẹn ti lọ jìnnà réré sókè, àwọn tó ń wọlé tó ń jáde ń gba orí mi kọjá, kò sí ẹni tó wojú mi. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo ayé nìyẹn láti àádọ́ta ọdún ó lé. Ọmọ mi, ìgbà yẹn ni mo rí àìsàn náà.

Akọ̀wé yọjú, ó ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní àtẹ̀gùn yín ni mò ń tọ́jú. Ó ní ta ló rán mi. Mo ní yunifásítì ni. Ojú ọkùnrin yìí yí padà wìì! Ó de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé àwọn ìgbìmọ̀ tó kù ńkọ́. Mo ní ọmọbìnrin mi ni ọ̀gá, ó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, bó bá parí ó ń bọ̀. Ó ní kò tíì pọndandan kó wá, ó sáré mú fọ́ọ̀mù kan fún mi pé kí n kọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe síbẹ̀.

Mo kọ ọ́ pé àtẹ̀gùn ń ṣàìsàn, mo fẹ́ wò ó sàn. Ibi tí wọ́n ti béèrè pé akọ tàbí abo ni mo ti kọsẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kíá ni mo máa ń fa ìlà sí i, ṣùgbọ́n ìwé yín ní kí èèyàn máa ronú kó tó dáhùn ìbéèrè yẹn, mo bá ń ronú. Mo gbé bírò sókè, èrò ń tò lẹ́yìn mi, wọ́n ń kùn. Akọ̀wé ní bàbá, kí ló le ńbẹ̀? Mo ní mo mọ ohun tí mo jẹ́, ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí pákó fẹ́ fi ṣe. Òun náà wo fọ́ọ̀mù yẹn títí, ó ní láti ọdún tí òun ti ń pín in kò sẹ́ni tó bi òun rí. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀.

Mo kan ọ̀nà pákó kan tó dà gẹ̀rẹ́ látinú ọgbà dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí àga onítáyà ẹ̀gbọ́n mi lè gùn ún. Ọjọ́ kan ni mo fi kàn án, ó kúrú, ó dúró ṣánṣán, ó wù mí. Ìyá rẹ ní kí n má tíì pe ẹnikẹ́ni, kí n fi àpò iyanrìn dán an wò. Mo gbé àpò sínú àga, mo tì í dé òkè, mo ní ẹ wò ó. Kí n tó sọ ọ́ tán, àga ti fi ẹ̀yìn bọ̀, eré burúkú, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìgbà tí wọ́n rán an níṣẹ́, ó lọ wó lu alùpùpù akọ̀wé. Iyanrìn dà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iyanrìn ni mo rí lójú mi. Ìyá rẹ rọra ṣí ìwé yín, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbí pé bí ibi tí èèyàn ń gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mo ní o ti mọ ìyẹn láti ìgbà wo? Ó ní láti ìjẹta. Mo ní kí ló dé tí o kò sọ? Ó ní ṣebí ẹ ní ẹ mọ pákó.

A tú gbogbo rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àtẹ̀gùn náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ọ̀nà náà wá di mẹ́rìndínlógójì, ọgbà kò gùn tó bẹ́ẹ̀, mo ní láti ṣẹ́ ẹ po láàárín bí ìgbọ̀nwọ́, mo sì ṣe ọwọ́ ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá rẹ ló ń wọ̀n ọ́n, èmi ló ń rẹ́ ẹ, àwọn ayàwòrán méjèèjì wá ń bá mi di pákó mú, èyí kúkúrú mọ ìṣó kàn ju bí mo ṣe rò lọ. Ọjọ́ kan ló kù kí oṣù parí nígbà tí a kan ìṣó tó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n wọ aṣọ tí n kò rí lọ́rùn wọn rí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan àga àwọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wa táyà, wọ́n gùn ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n sinmi níbi tó ti ṣẹ́po, wọ́n tún gùn ún. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo sáré gba àtẹ̀gùn gòkè kí n lè bá wọn sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún, nítorí èmi ni ọkùnrin ilé. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní dúró dè mí níta. Ohùn tí wọ́n fi máa ń rán mi níṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni wọ́n fi sọ ọ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Kí n má purọ́, ó dùn mí. Èmi tí mo kan ọ̀nà! N kò tíì dúró níta rí níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdílé wa, mo wò yíká, mo rí i pé obìnrin ló kún bẹ́ńṣì yẹn, ọkọ wọn wà nínú ilé, ń sọ̀rọ̀. Èyí tó jókòó tì mí sún fún mi, ó ní bàbá, ó máa ń pẹ́ díẹ̀.

Akọ̀wé ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ọkọ nínú ìwé náà, ẹ̀gbọ́n mi fa ìlà kọjá lórí ìbéèrè yẹn, wọ́n kọ orúkọ ara wọn síbẹ̀ gàdàgbà. Ó ní òun fẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe, wọ́n sì wo òun, òun rántí pé yunifásítì ń bọ̀. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ṣọ́ọ̀bù ti di tiwọn fún ọdún márùn-ún gbáko. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn kò wo ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n jọ̀wọ́ táyà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, aṣọ wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, wọ́n yí igun, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó wà lórí jangirọ́fà. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí a ti bí mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi padà. Ká ní o ti là á yé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀ka iṣẹ́ káfíńtà ni ẹ̀kọ́ yìí, n kò ní í pariwo. Kọ́ ọ tán. Fi ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè di òòlù mú. Owó iléèwé wà níbẹ̀. Èmi ni n ó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ báyìí, torí ilé ìwòsàn ti gbọ́, wọ́n ní kí n wá wo àtẹ̀gùn tiwọn náà, bẹ́ẹ̀ ni teépù mi kúrú. Fi owó teépù gígùn ránṣẹ́, kó sì kù díẹ̀ tí n ó fi tún iná ẹ̀yìn alùpùpù akọ̀wé ṣe, kó má lọ rò pé yunifásítì kì í tún nǹkan ṣe.

Ibi gíga kò ní í ṣòro fún ọ gùn. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí o dúró níta, Ọlọ́run á fi ọ̀nà mìíràn hàn ọ́, á sì fi pákó sí i. O ó ṣe é, o ó gbádùn rẹ̀, a ó sì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ìyá rẹ ní kí n kí ọ, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n ó ti dúró sí ẹ̀yìn mi láti àárọ̀, ó ní òun kò rán ẹnikẹ́ni láti kí ọmọ òun, pé òun ní ọ̀rọ̀ tòun, kò sì kéré. Ó ti na ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní bírò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.